Orin ìgboro ní Ilé-Ifẹ̀: ìdáhùn sí onígìtá kan láti Ìlódè

Ìbéèrè: “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín ni mí láti Ìlódè, ní Ilé-Ifẹ̀. Gìtá ni mò ń ta, èmi sì ni olórí ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni márùn-ún: gìtá, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti obìnrin kan tó ń kọrin. Ọdún mẹ́rin ni a fi ṣeré ní alaalẹ́ Ọjọ́ Ẹtì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nílùú yìí, kí ọ̀gá ibẹ̀ tó sọ fún wa pé owó epo jẹnẹrétọ̀ ti ju èrè òun lọ. Ó gba DJ dípò wa. Òde ìnáwó nìkan ló kù fún wa báyìí, kì í sì í wá déédéé. Mo dá a lábàá pé kí a máa ṣeré ní ìgboro, ṣùgbọ́n oní-gángan wa, tó jẹ́ ọmọ Àyàn, ní òun kò ní ṣe alágbe láéláé. Ìyàwó mi náà bi mí bóyá mo fẹ́ kí àwọn òbí òun bá mi lójú títì pẹ̀lú igbá níwájú. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé orin ìgboro lè gbé orin ìlú wa ró lóòótọ́, àbí a kàn fẹ́ fi ojú ara wa gbolẹ̀?”

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìforítì. Ẹ pe ara yín ní ọmọ mi, bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí ní ti ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn mẹ́rin mìíràn ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó jẹun ti kúrò ní ẹni tí mo lè máa pè ní “ìwọ” nínú ìwé, nítorí náà “ẹ” ni màá máa lò títí n ó fi parí ọ̀rọ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, orin ìgboro lè mú kí orin ojú agbo tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan péré ni mo mọ̀ tí ó ń gbà ṣẹlẹ̀: kí ẹ ní ojúkò kan, kí ẹ ní ọjọ́ kan àti wákàtí kan, kí ẹ má sì sá tẹ̀lé ẹnikẹ́ni nítorí owó. Bí ọjà ṣe ní ọjọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀, tí ẹni tí kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò rà máa ń yà síbẹ̀ láti wo ojú èèyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí orin yín ní ọjọ́ tirẹ̀.

Mo mọ èyí nítorí pé mo ti ṣe òdì kejì rẹ̀ rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àwa mẹ́fà kan gbé ìlù jáde ní Iléṣà. Ọ̀sẹ̀ yìí a wà ní Ẹ̀rẹ́jà, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e a bọ́ sí iwájú ọjà Atákúnmọ́sà, nígbà mìíràn a ó gba Ìsọ̀kun lọ nítorí pé ẹnìkan sọ fún wa pé èrò wà níbẹ̀. Ọgbọ́n ni a pè é, pé ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí ni a ó máa lé. Oṣù mẹ́ta kò pé tí a fi tú ká. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, obìnrin kan tó ń din àkàrà ní Ẹ̀rẹ́jà rí mi lọ́nà, ó ní, “Ẹ̀yin onílù yìí, níbo lẹ wọlẹ̀ sí? Mo kó àwọn ọmọ mi wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ò bá yín.” Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní. Ẹni tí ó fẹ́ràn wa gan-an ni a fi ẹsẹ̀ ara wa sá fún.

Ẹ jẹ́ kí n bá oní-gángan yín sọ̀rọ̀ tààrà, nítorí pé òun ló mú ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ́wọ́. Láti ayébáyé ni àwọn Yorùbá ti ń fi orúkọ kan náà pe ẹni tó ń tọrọ owó lójú ọ̀nà àti ẹni tó ń fi ìlù tàbí orin yin èèyàn kí ó lè rí nǹkan gbà. Alágbe ni àwọn méjèèjì. Ọmọ Àyàn mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé ilé wọn ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà kan lójú jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó fi kàn wọ́n kò lè ṣe ìgbéyàwó kan láìpè wọ́n. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ kí ó ro ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí ń sọ onílù di alágbe ni sísá tẹ̀lé: ọkọ̀ ńlá kan dúró, onílù mẹ́ta ti dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n ń ki ẹni tí wọn kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, wọn kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí ojú yóò fi ti onítọ̀hún tó fi mú owó jáde. Onílù tí ó jókòó sí ojúkò tirẹ̀, tí àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá bá, tí wọ́n sì lè lọ láìsan kọ́bọ̀ láìsí ẹni tí yóò fi ìlù bú wọn, iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni ó ń ṣe. Ó yàtọ̀ sí òde ìnáwó pàápàá, níbi tí a ti mọ̀ pé ẹni tó bá lówó jù ni ìlù yóò máa dojú kọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbà fún yín, ẹ bá a ṣe àdéhùn kan tí mo ka sí pàtàkì ju gbogbo àdéhùn yòókù lọ, pé ẹ kò ní ki ẹnikẹ́ni tí ó ń kọjá lọ.

Mo mọ̀ pé yóò bi yín pé kí ni gángan yóò wá máa sọ nígbà náà. Oríkì ìdílé àti ti àdúgbò wà níbẹ̀. Ẹ lu ti Ìlódè, ẹ lu ti Ìrẹ̀mọ, ẹ lu ti Mọ̀ọ̀rè, kí ẹ sì wo bí àwọn tó ti ibẹ̀ wá yóò ṣe máa gbé orí sókè láàárín èrò láìsí ẹni tó fi orúkọ pè wọ́n. Òwe wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibí yìí ni mo sì fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí pé mo gbà pé ohun tí ó ń kú lọ láàárín wa ni etí tí ń gbọ́ ìlù. Onílù ṣì pọ̀. Ẹni tó lè sọ ohun tí ìlù wí ni ó ti dín kù, pàápàá láàárín àwọn tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀, gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ inú wọn kò jọra rárá sì lè ní ohùn kan náà. Àwọn àgbà ṣì rántí bí àwọn aráàlú ṣe sọ ìlù tí ilé-iṣẹ́ rédíò fi ń ṣí ètò rẹ̀ láyé ìjọba Òyìnbó di tiwọn. Àwọn kan ní ohun tí ó ń wí ni “B’Ólúbàdàn bá kú, ta ni yóò joyè?”, àwọn mìíràn ní rárá o, “Kò sónígbèsè níbí, ẹ lọ sílé kejì” ni. Eré ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní etí kò lè ṣe irú eré bẹ́ẹ̀.

Ẹ sọ èyí di ọkàn eré yín. Kí gángan lu òwe kan lẹ́ẹ̀mẹta, kí àwọn tó dúró gbìyànjú láti sọ ọ́, kí olórin yín wá fi ẹnu kọ ọ́ síta nígbà tí wọ́n bá ti jiyàn tó. Mo ti rí i tí àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì àti ọmọ ọdún mẹ́jọ ń bá ara wọn jiyàn lórí ohun tí ìlù kan wí, tí kò sì sí ẹni tó rántí pé òun ní ibìkan tí òun ń lọ. Kò sí DJ tó lè ṣe èyí.

Ẹ bi mí bóyá orin ìgboro lè gbé orin ìlú ró. Ẹ wo ibi tí àwọn orin tí a ń pè ní ńlá lónìí ti wá. Alárìnjó, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́: ẹni tí ń rìn, tí ó ń jó. Láti inú egúngún apidán ni wọ́n ti yọ, wọ́n sì ń gbé eré àti ìlù kiri láti ìlú dé ìlú. Fújì tí gbogbo ayé ń jó báyìí, lójú títì ni wọ́n ti gbé e jí. Àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ló máa ń kó ara wọn jọ nínú oṣù Ààwẹ̀, tí wọ́n á máa kọ orin tí a ń pè ní wéré káàkiri àdúgbò láti jí àwọn èèyàn fún sààrì. Ajísàrí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọmọdé ni Síkírù Àyìndé Barrister nígbà tó bẹ̀rẹ̀ irú orin yìí ní Èkó, kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun, kí ó sì tó sọ ọ́ di fújì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun kan nínú ìtàn náà tí àwọn tó ń sọ ọ́ sábà máa ń fò kọjá. Ààwẹ̀ fúnra rẹ̀ ló bá wọn dá àkókò. Gbogbo àdúgbò mọ wákàtí tí àwọn ọmọ náà yóò kọjá, wọ́n ń retí wọn, wọ́n sì mọ ẹgbẹ́ tí ohùn rẹ̀ dára ju ti àdúgbò kejì lọ. Ìrètí yẹn ló sọ wọ́n di olórin.

Ní Ilé-Ifẹ̀ tiwa níbí, kì í ṣe ohun àjèjì. Nígbà tí Ọlá Rótìmí, òǹkọ̀wé eré, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ibùdó àṣà Orí Olókun sílẹ̀ ní ọdún 1968, Arúbìdì ni wọ́n gbé e sí, ní àárín ìlú, níbi tí ẹni tí kò wọ ọgbà yunifásítì rí lè ti fi ẹsẹ̀ rìn dé. Jìmí Ṣólàńkẹ́, tó fi ayé sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, wà lára àwọn tó ṣeré níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ní ìparí àwọn ọdún 1970 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn òṣèré rẹ̀ láti yunifásítì kan náà gbé eré kéékèèké àti orin lọ sí ọjà àti gáréèjì láti fi bá ìjọba wí. Ìlú yìí ti mọ dídúró wo eré lójú títì. A kàn dẹ́kun ṣíṣe é fún un ni.

Ní ti ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má bá a bínú. Epo tí wọ́n ń tà ní nǹkan bíi ₦190 fún lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ti kọjá ₦600 kí oṣù Keje ọdún náà tó parí, ó sì ti ré kọjá ₦900 kí ọdún 2024 tó tán. Jẹnẹrétọ̀ kan náà ni DJ ń lò, ṣùgbọ́n ẹnu kan ló ní. Márùn-ún lẹ̀yin. Ìṣirò yẹn kò ní yí padà nítorí pé a sunkún lé e, nítorí náà ibi tí kò ti sí jẹnẹrétọ̀ ni kí a gbé orin lọ, ohun èlò mẹ́rin nínú márùn-ún tí ẹ ní ni kò sì bèèrè iná. Ohùn gángan ń rìn jìnnà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo kò nílò ìrànlọ́wọ́, olórin yín náà ti ní ọ̀nà ọ̀fun. Gìtá yín nìkan ló kù, sípíkà kékeré oníbátìrì tí a ń gba iná sí nílé sì tó fún un. Ẹ má gbé máìkì. Níwọ̀n ìgbà tí gìtá kò bá ti bo ohùn ẹni tó ń kọrin mọ́lẹ̀, ohùn yín ti tó, àwọn tó bá sì fẹ́ gbọ́ yóò sún mọ́ yín. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá máa ń lé àwọn èèyàn jìnnà sí olórin ni, ó tún máa ń sọ aládùúgbò di ọ̀tá kí oṣù tó yí.

Ibo wá ni kí ẹ jókòó sí? Ẹ dárúkọ ojú títì láìsọ ibi kan pàtó, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú láti bá yín yàn. Lágéré ni ọkàn ọ̀pọ̀ olórin máa ń lọ sí, èmi kò sì fara mọ́ ọn. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èrò tí ń kánjú ni. Ẹni tó ń sáré lọ sí báńkì kò ní dúró gbọ́ òwe, bí ogún èèyàn bá sì dúró, wọ́n ti dí ọ̀nà mọ́ ọ̀kadà, fèrè ọkọ̀ yóò sì bo gángan mọ́lẹ̀. Ẹnuwá ní iyì tirẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú ààfin ni. Ẹ má lọ síbẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda ààfin, kí ẹ sì fi í pamọ́ fún ọjọ́ ńlá. Ẹnu géètì yunifásítì dára, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń dúró, àmọ́ ẹ rántí pé ní ọdún 2022 ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi gbogbo ara lé akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ilẹ̀kùn ni agbo rẹ̀ ń tú. Bí ó bá jẹ́ èmi, apá Mayfair ni n bá wò, níbi tí àwọn tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n ó sì wá igun kan tí ó ní ohun mẹ́ta: ogiri lẹ́yìn wa tí yóò máa ju ohùn síwájú, àyè tí èèyàn lè dúró sí láìdí ọ̀nà, àti obìnrin tó ń ta oúnjẹ nítòsí. Ti olóúnjẹ yẹn ṣe pàtàkì o. Bí orin yín bá ń mú oníbàárà wá fún un, òun ni yóò máa ṣọ́ ojúkò yín, òun ni yóò máa sọ fún àwọn tó bá bèèrè pé “Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ń wá,” òun náà ni yóò sì bá yín jà fún àyè náà nígbà tí ẹlòmíràn bá fẹ́ gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì ni kí ẹ fi sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni àwọn tó mọ̀ yín ní hòtẹ́ẹ̀lì ti mọ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì jẹ́ ọjọ́ òde. Láti aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí wọn yóò fi pe ìrun Mọ̀gáríbì ti tó. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn ládàánì, kí ìlù dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì palẹ̀ mọ́. Mo ti rí ẹgbẹ́ tí èyí nìkan sọ di ààyò lọ́dọ̀ Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì àdúgbò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Oní-gángan yín kò nílò kí n sọ fún un bí ọ̀rinrin ṣe ń dẹ awọ ewúrẹ́ tí ọṣán kò fi ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ óò ní oṣù bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún gbígbẹ láti fi sọ ọjọ́ yín di mímọ̀ kí òjò tó padà dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò bá sì rọ̀, kí ẹnìkan nínú yín ṣì lọ dúró níbẹ̀ láti sọ fún àwọn tó bá wá pé ẹ ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Obìnrin alákàrà Ẹ̀rẹ́jà ló kọ́ mi ní èyí.

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999, Àfikún Kẹrin, lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni àbójútó ọjà àti gáréèjì, nítorí náà kò sí ìdí fún yín láti máa wá ẹnikẹ́ni lọ sí Òṣogbo. Ohun tí ẹ ní láti mọ̀ ni bóyá igun tí ẹ yàn bọ́ sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Ààrin-Gbùngbùn Ifẹ̀ tàbí ti Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀, nítorí pé ìlú kan náà ni ó pín sí méjèèjì. Ẹ kọ lẹ́tà tí kò ju ojú ìwé kan lọ, kí ẹ sọ ọjọ́, wákàtí àti iye ènìyàn, kí ẹ gba òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tiyín, kí ẹ sì fún àgọ́ ọlọ́pàá tó wà nítòsí ní ẹ̀dà kan. Bí ọjà ni, ẹ lọ kí ìyálọ́jà. Bí ẹ̀bá gáréèjì ni, ẹ lọ kí alága àwọn awakọ̀. Àwọn ọmọ tó bá wá béèrè owó ilẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ bá wọn ṣàwàdà, ẹ má fún wọn lówó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí pé ohun tí ẹ bá san lọ́jọ́ kìíní ti di owó orí.

Owó wá kàn. Ìlànà àwọn baba wa ni kí a máa fi owó lẹ̀ mọ́ onílù níwájú orí, mo sì mọ̀ bí ó ṣe máa ń dùn, ṣùgbọ́n abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka níná owó náírà sára èèyàn àti jíjó lórí rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Kì í ṣe òfin inú ìwé lásán mọ́: ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Èkó rán gbajúmọ̀ kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀ láìfún un láyè láti san owó. Ẹni tó ń ṣeré ní gbangba ojú títì kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré. Nítorí náà, igbá tí ìyàwó yín ń sá fún ni yóò dáàbò bò yín. Kí ó jẹ́ igbá gidi, tí a fín, kí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kì í ṣe ní ẹsẹ̀ olórin níbi tí èèyàn yóò ti ní láti bẹ̀rẹ̀ fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé e káàkiri. Ẹ kọ nọ́ńbà àkáǹtì ẹgbẹ́ sí pátákó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà tí owó béébà ti wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́ láti máa fi fóònù san owó gaàrí pàápàá, wọn yóò sì san ti orin. Kí àkáǹtì náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí ẹ sì ka owó igbá lójú gbogbo yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ohun tí mo rí tó ń tú ẹgbẹ́ olórin ká pọ̀, ṣùgbọ́n owó tí ẹnìkan kà nílé ló ń ṣíwájú wọn.

N kò ní tàn yín jẹ: owó igbá kò ní tó owó hòtẹ́ẹ̀lì ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ó sì lè má tó o láé. Ibi tí èrè wà ni òde. Ẹni tó bá ti gbọ́ yín ní Ọjọ́ Ẹtì mẹ́rin kò ní bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà tí ó bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ. Kí oní-ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí alágogo yín máa ní ìwé kan lọ́wọ́ lẹ́yìn eré, kí ó máa kọ nọ́ńbà àwọn tó bá fẹ́ gbọ́ ibi tí ẹ tún ń lọ. Nígbà tí orúkọ inú rẹ̀ bá ti pọ̀ díẹ̀, ẹ padà lọ bá ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, kí ẹ sọ fún un pé ẹ fẹ́ ṣeré nínú àgbàlá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù ní ìrọ̀lẹ́, láìtan jẹnẹrétọ̀, àti pé àwọn tí ẹ ń mú bọ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ náà yóò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.

Nípa àwọn orin tí ẹ óò máa kọ, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ máa lo ẹ̀ka-èdè Ifẹ̀. I. K. Dáíròó, olórin jùjú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà nítòsí wa níbí, kò tìtorí pé ó ń wá òkìkí kí ó sá fún ohùn Ìjẹ̀ṣà, síbẹ̀ ó gba àmì-ẹ̀yẹ MBE láti ọ̀dọ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1963, ó sì kú ní 1996 láìsí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀ka-èdè dí i lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ kan péré: ìlù Ọ̀sírìgì, ti Ọọ̀ni ni. Ẹ má gbé ìlù ààfin lọ sí ẹ̀bá gáréèjì, ì báà ṣe ní àsìkò Ọlọ́jọ́ tí gbogbo ìlú kún fún ayọ̀.

Nǹkan kan wà tí ẹ kò bèèrè, ṣùgbọ́n òun ni ìbéèrè yín rọ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ kan kò lè gbé orin odidi ìlú ró. Ní Lọ́ńdọ̀nù, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ìjà ni àwọn olórin fi ń ṣeré nínú àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, kí àwọn aláṣẹ tó ṣe ètò ní ọdún 2003: wọ́n sàmì sí ilẹ̀ ní àwọn ojúkò kan, olórin tí wọ́n bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ tí wọ́n sì fún níwèé àṣẹ yóò sì máa gba wákàtí tirẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú. New York ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1985. Owó wọn kọ́ ni mo fẹ́ kí a wò. Ohun tó wù mí ni pé ojúkò kan náà ń bọ́ ọ̀pọ̀ olórin láìsí ìjà, nítorí pé oníkálukú mọ àkókò tirẹ̀. Bí ẹ bá ti jókòó sí igun yín fún oṣù mẹ́ta, ẹ pe àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí ẹ mọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́, kí ẹ fún ẹnìkan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí ẹ fún ẹlòmíràn ní ti ọjọ́ Àìkú. Ẹ pe àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní yunifásítì náà. Wọ́n mọ ìwé orin kà, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì ṣeré rí fún ẹni tí kò jókòó sórí àga tí wọ́n tò. Yóò ṣe wọ́n lóore láti mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá lè yí ẹ̀yìn padà kí ó sì máa lọ. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi agogo lé ọmọdé kan lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó palẹ̀ mọ́. Kò sí ohun tí ẹ óò ṣe níbẹ̀ tí yóò pẹ́ tó èyí.

Ó wá ku ti àwọn òbí ìyàwó yín. Ẹ má ṣe é ní àṣírí, nítorí pé bí wọ́n bá ṣàdédé bá yín lójú ọ̀nà, igbá nìkan ni wọn yóò rí. Ẹ má sì pè wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ̀yin márùn-ún àti olóúnjẹ nìkan yóò wà níbẹ̀. Ẹ dúró di bí ọ̀sẹ̀ kẹfà tàbí ìkeje, nígbà tí àwọn èèyàn bá ti ń dé ṣáájú yín, kí ẹ wá fi ọ̀wọ̀ lọ sọ fún wọn nílé, kí ẹ yá àga méjì lọ́wọ́ obìnrin olóúnjẹ náà, kí ẹ gbé e sí iwájú, kí ẹ sì ti sọ fún oní-gángan yín ṣáájú àdúgbò tí bàbá ìyàwó yín ti wá.